Orúkọ Tí Mo Kọ Ṣáájú

Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ́ mi nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà ni pé kí n máa pe òun lórúkọ. Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti ń kúnlẹ̀ lọ kí n tó rántí ibi tí mo wà, ni mo bá dá a dúró lágbedeméjì, n kò kúnlẹ̀, n kò sì nàró. Ọkùnrin tí ewú ti gba orí rẹ̀ yìí dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Jọ́ọ̀jì ni kí o máa pè mí. Níbí, gbogbo wa la dọ́gba."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, kí n la ẹnu kí n ní Jọ́ọ̀jì, bí ẹni pé a jọ ṣeré òṣùpá ní kékeré? Láti ọjọ́ náà, n kò ní ohun tí mo lè fi pè é mọ́. Bí mo bá rí i tó ń lọ níwájú mi, tí mo sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń sáré yí i ká títí ojú wa á fi ṣe mẹ́rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò tíì hu irùngbọ̀n tán á ké "Jọ́ọ̀jì!" láti òkèèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n á sì dá wọn lóhùn. Orí mi á wú.

Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí. Kùmásí ní ilẹ̀ Gánà ni àwọn òbí mi ti ń ta aṣọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tó lọ síléèwé, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sílé, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìjọ. Bàbá mi kú sí Kùmásí, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn. Ìyá mi bá ọkọ̀ ẹrù dé, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí orí àti ọwọ́ méjèèjì lè gbé. Ìsọ̀ aṣọ kù síbẹ̀. Sàréè ọkọ rẹ̀ náà kù síbẹ̀.

Kò tíì jókòó dáadáa sí Ìlá tí èmi náà fi lọ, nítorí ìjọ wa bá mi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lókè òkun. Mo lọ kọ́ nípa ọkàn ènìyàn, bí ìbànújẹ́ ṣe ń dà á rú, àti bí a ṣe lè ran ẹni tó bá ṣe lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, ó wò mí títí, ó ní, "Wọ́n ń kọ́ ìyẹn níléèwé?"

Òtútù ìlú tí mo dé kò ṣeé fẹnu sọ, n kò sì ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ ló pa mí lára. Mo ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ènìyàn kún fọ́fọ́, mo ń gbọ́ ìró omi tí aládùúgbò mi fi ń wẹ̀, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo kí obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn kú iṣẹ́, bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn mọ. Ó wò mí, ó bi mí bóyá nǹkan dà sílẹ̀ níbì kan. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń fọ abọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí ní ìdí, nítorí àwọn arúgbó náà rò pé mo ń ṣa nǹkan tó jábọ́ ni.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ìyá mi á wọ takisí láti Ìlá lọ sí Òṣogbo, á jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́, á máa retí kí n pè, lọ́jọ́ tí a ti jọ fi sí àdéhùn. Kì í sọ Ìgbómìnà lórí tẹlifóònù. Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń sọ, bí ẹni pé àlùfáà ló wà ní ìkángun wáyà náà. "Ǹjẹ́ àlàáfíà ha ni fún ọ, ọmọbìnrin mi?" Èmi á máa rẹ́rìn-ín, omi á sì máa bọ́ lójú mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń dá a lóhùn, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí tẹlifóònù ilé wa wà. Àwọn tó ń kọjá á sì máa gba ẹ̀yìn mi lọ bí ẹni tó rí wèrè.

Nígbà ìsinmi gígùn kan ni mo padà sílé láti ṣe ìwádìí mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tẹ ìbéèrè sórí ìwé fún mi, ó ní kí n máa kà á fún àwọn tó ti Gánà dé, lẹ́sẹẹsẹ. Mo ka àkọ́kọ́ fún ìyá àgbà kan ní Ọ̀tan Ayégbajú: ṣé ojoojúmọ́ ni inú yín ń bàjẹ́ ni, tàbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mo ká ìwé náà sínú àpò. Láti ọjọ́ yẹn, ńṣe ni mo ń lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń bó obì, ní Ọ̀tan àti ní Ìlá, mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn bó o. Bí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ nípa ìsọ̀ tí wọ́n tì tí wọn kò tún ṣí mọ́, nípa oorun tí kò wá, nípa èdè Àṣàǹtí tó ń bọ́ sí wọn lẹ́nu bí wọ́n bá ń lálàá. Àwọn ará ilé wọn rò pé ìgbéraga ló ń dà wọ́n láàmú.

Ìyá mi wà lára wọn. Kò tíì sọ ohunkóhun fún mi rí nípa Kùmásí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ju obì tó ń bó lọ́wọ́ sínú agbọ̀n, ó ní, "Ilé ni mo wà o, àmọ́ n kò tíì dé." Ó mú òmíràn. Gbogbo àwọn tó kù mi orí. Mo mọ̀ pé mo ti rí ohun tí mo wá. Orí gbólóhùn yẹn ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ mi kà: pé ìnira kan wà tó jẹ́ ti ẹni tó ti padà sílé tí kò tíì dé, pé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìgbéraga, àti pé oògùn oorun nìkan kò lè wò ó sàn.

Àpilẹ̀kọ mẹ́ta ni mo fà yọ nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ wọ́n, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà wọ́n, ó tún ìwọ̀nba gbólóhùn ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Dẹ́nìsì, tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, bá mi fi ẹ̀rọ ṣe ìṣirò inú wọn. Nígbà tó wá ku kí n kọ orúkọ sí òkè ìwé, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo tò ó bí a ṣe ń to ènìyàn nílé wa: ọ̀jọ̀gbọ́n, tó dàgbà jù, Dẹ́nìsì, tó fi díẹ̀ jù mí lọ, lẹ́yìn náà èmi, àbúrò gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, mo sin adìẹ kan fún ìkórè. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mo ń dè é mọ́lẹ̀ kí àṣá má baà gbé e, èmi náà ni mo sì gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Akọ̀wé ìjọ kéde pé, "Bàbá Ìjọ àti àwọn ọmọ wọn mú adìẹ wá!" Ìjọ ké halelúyà. Ó dùn mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ dìde níbi tó jókòó sí, ó yíjú padà sí gbogbo ìjọ, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ yìí ló sìn ín o. Ẹ bá mi kí i." Wọ́n kí mi títí ojú fi tì mí. Bó ṣe máa ń rí nílé wa nìyẹn. A ó pe orúkọ àgbà ṣáájú, àgbà á sì yíjú padà, á fi ẹni tó ṣe é hàn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ènìyàn lè gba apá àkọ́kọ́ kí ó sì fi èkejì sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo òkè ìwé náà. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé mi ló wú u lórí.

Ó ní, "Bí o ṣe fẹ́ kó wà nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀," ó sì fi sínú àpòòwé.

Lọ́jọ́ tí èyí àkọ́kọ́ jáde, mo ra odidi adìẹ, mo sè é lọ́bẹ̀ aláta, mo dá nìkan jẹ ẹ́, mo jó yí yàrá mi ká. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ní Bàbá Ìjọ gbé e sókè nínú ìjọ, pé àwọn ènìyàn sì kí ìyá mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́.

Iṣẹ́ náà tàn ká. Àwọn onímọ̀ tí n kò mọ̀ rí ń tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn. Ìwé ńlá kan wà ní ibi ìkàwé wa tó ń sọ ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń tọ́ka sí àti ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ wá orúkọ mi nínú rẹ̀, bí ọmọdé tó ń wá èsì ìdánwò lára ògiri. Orúkọ mi kò sí. Ibi tó yẹ kó wà, orúkọ ẹlòmíràn méjì ló fara kanra níbẹ̀, àlàfo kò tiẹ̀ sí láàárín wọn. Mo wá ṣí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú ibi ìkàwé náà rí bí mo ṣe dúró. Ó ní, "Orúkọ tó bá ṣáájú nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Òun ló ni iṣẹ́. Ṣé o kò mọ̀ ni?" Mo tún ṣí ìwé àwọn tó tọ́ka sí wa wò. Ohun kan náà ni gbogbo wọn kọ: ọ̀jọ̀gbọ́n, àti àwọn mìíràn. Èmi ni àwọn mìíràn. Síbẹ̀, ọkàn mi kò tíì kúrò lẹ́yìn ọkùnrin yẹn. Mo ní tí àkókò bá tó, á yíjú padà.

Àkókò náà tó. Àyè iṣẹ́ olùkọ́ ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa, ìwé ìgbélùú mi sì ti ń parí lọ. Bí mo bá rí iṣẹ́ náà, mo lè máa padà sí Ìlá àti Ọ̀tan lọ́dọọdún láti tọ́jú àwọn obìnrin yẹn, bí mo ṣe ṣèlérí fún wọn. Bí n kò bá rí i, ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ parí lọ́wọ́ mi nìyẹn. Wọ́n pè mí wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára àwọn tó jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìwé mi sókè, ó ní, "Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, orúkọ rẹ ló gbẹ̀yìn. Kí ni ìwọ ṣe gan-an?"

N kò lè jókòó níwájú àgbà kí n máa fi ẹnu ara mi ka iṣẹ́ ọwọ́ mi sí i létí. Mo wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ń retí pé kó nawọ́ sí mi.

Ó yíjú padà sí wọn lóòótọ́. Ó ní, "Ó ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ó gbọ́ èdè àwọn ènìyàn náà."

Dẹ́nìsì ni wọ́n gbà síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n. N kò kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Jọ́ọ̀jì."

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "O ti wá pè é níkẹyìn!"

Mo ní, "Jọ́ọ̀jì, ta ló kọ àwọn ìwé yẹn?"

Ẹ̀rín rẹ̀ lọ. "Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ to orúkọ bẹ́ẹ̀. Mo bi ọ́, o ní bí o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Ọ̀wọ̀ ni mo fi bù fún ọ."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

Ó ń ti ìwé síwá sẹ́yìn lórí tábìlì rẹ̀. "Mo ti ń sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo wa la dọ́gba níbí."

Ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí léegun. Bó bá ní òun kò mọ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì í, ǹ bá ní àṣà wa ló ṣókùnkùn sí i. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ń bẹ̀ mí pé kí n mú ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu, kí n pe òun ní Jọ́ọ̀jì, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi sórí ìwé, ó gbà á, kò sọ pé ó pọ̀ jù. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, nítorí àwọn tó tọ́ mi sọ fún mi pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó dà mí. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Mo fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀, n kò sì tún fi ojú kàn án mọ́.

Ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn gbà mí pé kí n máa jókòó ti àwọn aláìsàn, kí n máa gbọ́ tiwọn. Mo lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ kan nígbà tó yá. Ọkùnrin kan dúró níwájú, ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó rẹwà gidigidi, pé ènìyàn lè wà nílé kó má tíì dé. Àwọn ènìyàn yọ bírò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń rí ọwọ́ ìyá mi àti obì inú agbọ̀n.

Nígbà tí ìyá mi tún wá sí Òṣogbo, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Wáyà ń hó yàà.

Ó ní, "Wọ́n ní òun ló sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Yorùbá Bíbélì kúrò lẹ́nu rẹ̀, Ìgbómìnà ló fi bi mí, mo kàn tún un sọ níbí kó lè yé gbogbo ènìyàn ni: "Ta ni òun náà sin sí Kùmásí?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó sọ nídìí obì bá èmi náà mu. Mo wà ní Amẹ́ríkà, n kò tíì dé ibẹ̀. Bí mo bá sì ronú ilé, ojú ń tì mí láti pàdé àwọn obìnrin yẹn, kí wọ́n má baà bi mí pé níbo ni mo gbé ọ̀rọ̀ àwọn lọ.

Mo wá jókòó kọ ìwé kẹrin, èmi nìkan, ní tábìlì tí mo ti ń jẹun. Mo kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Nígbà tí mo dé orí orúkọ, mo kọ ti ìyá mi ṣáájú, mo sì tẹ̀lé e. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, àgbà tó ni ọ̀rọ̀ ló wà níwájú. N kò lè dúró di ìgbà tó máa jáde, mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

"Màmá, orúkọ yín ló wà níwájú."

"Níwájú kí ni?"

"Níwájú ìwé tuntun tí mo kọ. Tiyín ló ṣáájú, tèmi tẹ̀lé e."

Ó ní, "Ta ló jókòó kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé mo bá ọ mú bírò?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin sì ni àgbà."

Ó ní, "Gbólóhùn kan ni tèmi níbẹ̀, má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n yọ mí kúrò níwájú. Àgbà ni mí, n kì í ṣe olè."

Títí di òní, ìwé mẹ́ta ìṣáájú ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí jù, orúkọ Jọ́ọ̀jì ni wọ́n sì ń dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo padà sídìí tábìlì, mo pa orúkọ ìyá mi rẹ́ níwájú, mo kọ tèmi síbẹ̀, mo sì kọ tirẹ̀ tẹ̀lé e. N kò tíì ṣe ohun tó jọ ọ́ rí láyé mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo kúnlẹ̀ níwájú ìwé náà, mo ní, "Ẹ má bínú, mà," bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe é.